Ẹja Aláró Tí Mo Dà Sínú Omi Ẹlòmíràn

Màmá Àdúrà ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Bí mo bá sọ ohun tí mo ṣe tán, ẹ̀yin náà á rí i pé orúkọ yẹn tóbi jù mí lọ, bí ẹ̀wù àgbàlagbà lára ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ọdún méjìlá ni mo fi tọ́jú ilé ìwòsàn dókítà eyín kan. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi ni mo ń nu ilẹ̀, èmi ni mo ń fọ abọ́ tí àwọn aláìsàn ń tu ẹ̀jẹ̀ sí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà ni mo ń gbàdúrà fún gbogbo wa. A ò pọ̀: Dókítà, èmi, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí káàdì lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé là ń pè é. Kò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó mọ̀wé jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ohun tó bá sì wà níkùn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bọ́ síta. Èmi ní tèmi, n kì í sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbé e mì ni. Ẹ má pe ìyẹn ní sùúrù o. Ohun téèyàn gbé mì tí kò dà, inú ló ń bà jẹ́ sí.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà gbé àpótí gíláàsì kan wá. Kò tóbi ju àpótí tí ọmọ ilé ìwé ń kó aṣọ sí lọ. Wọ́n ní ẹkún àwọn ọmọdé ti pọ̀ jù ní iyàrá tí wọ́n ti ń dúró. Wọ́n fẹ́ kí òkun kékeré kan wà níbẹ̀: omi iyọ̀, òkúta, ìgbín, ẹja, àti àwọn iyùn tó ń là bí òdòdó lábẹ́ omi, kí ojú àwọn ọmọ lè kúrò lára ìrora.

"Ta ló máa mójú tó o, Dókítà?" ni mo bi wọ́n. Mo ti ń nu ọwọ́ mi sára ẹ̀wù iṣẹ́ kí wọ́n tó dáhùn.

"Akọ̀wé ni. Ó gba ìwé kíkà díẹ̀. Bó bá kó ohun ẹlẹ́mìí sí i tó sì yè, òun ni màá fi ṣe alábòójútó gbogbo iwájú ilé yìí."

Alábòójútó gbogbo iwájú ilé! Ìyẹn ni pé ẹni tó dé lánàá ni yóò máa sọ ibi tí n ó gbé mọ́ọ̀pù sí fún mi.

Mo ní, "Ó dára, Dókítà." Mo gbé e mì.

Akọ̀wé kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ó po iyọ̀ òkun mọ́ omi, ó to òkúta jọ, ó tan ẹ̀rọ tó ń ru omi sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, kò fi nǹkan kan sí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Òkúta àti omi nìkan là ń wò. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á bu omi náà sínú ìgò kékeré, á kán oògùn sí i, á gbé e sókè síbi iná. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, á mi orí, á kọ ọ́ sórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Akọ̀wé," ni mo ní, "ṣé òkúta la fẹ́ máa fi ṣèran wò ni?"

"Màmá, omi náà ò tíì gbó ni. Májèlé tójú ò rí wà nínú ẹ̀. Àwọn kòkòrò tíńtín tó máa jẹ májèlé yẹn ni à ń dúró dè. Ẹni tó bá sáré da ẹja sí i, òkú ló ń dà síbẹ̀."

"Omi gbó? Ṣé ọtí ni?"

Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín. Kò gbójú sókè kúrò lórí káàdì tó ń kọ.

"Ọtí ò mú tó ahọ́n àwọn kan," ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rín tèyí pọ̀ ju ti tèmi lọ.

Ohun tó wá já okùn sùúrù mi ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sídè kan. Mo ń nu tábìlì tí àpótí náà wà lórí rẹ̀, mo rí i pé iyọ̀ ti gbẹ mọ́ etí gíláàsì, mo sì fẹ́ fi ìka nù ún. Ìka mi kò tíì débẹ̀ tó fi pariwo.

"Màmá! Ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Oògùn ìfọlẹ̀ ló kún ọwọ́ yín yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ẹni méje ló jókòó síbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì: ẸNI TÓ Ń FỌLẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN ÀPÓTÍ YÌÍ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó wo èmi àti báàkẹ́ẹ̀tì mi.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ti wá mọ̀ pé òótọ́ ni Akọ̀wé sọ nípa oògùn yẹn. Kékeré rẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà nínú omi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ òótọ́. Ìtìjú ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí òpin ìlú. Aláìsàn kan ti sọ fún mi rí pé ẹnì kan ń ta ẹja òkun lẹ́yìn àwọn tó ń lẹ táyà. Mo rí ṣọ́ọ̀bù náà. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, iná tó wà níbẹ̀ ní àwọ̀ aró, gíláàsì sì to láti ilẹ̀ dé àjà. Apárí kan tí ọ̀fun rẹ̀ dún bí agogo jáde sí mi.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Àpótí yín ti pé ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún kan."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Òkúta."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọdún kan, òkúta nìkan?"

"Ọkọ mi ló ní ká máa ṣe sùúrù."

Ọkọ mi ti kú lọ́dún mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: irọ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, láti ẹnu ẹni tó gba ààwẹ̀ ní àná rẹ̀.

Ó mú mi dé ibì kan. Ẹja kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka mi lọ, ó dúdú bí aró tuntun, ó sì ń dán. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú, ó sá wá kojú mi bíi pé ó fẹ́ bá mi jà.

"Èyí ò ní tètè kú," ni Apárí wí. "Bí omi yín tilẹ̀ korò, á fara dà á. Ẹ wò ó, ìrù ẹ̀ ya níbí, ìjà ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú èyí tí kò ní àbùkù."

"Rárá. Èyí náà ló wù mí."

"Ìkà ni o. Ìkẹyìn la máa ń fi í sí. Bó bá kọ́kọ́ dé ibì kan, ilé baba ẹ̀ nìyẹn. Ẹja yòówù tó bá wọlé tẹ̀lé e, ẹkún ni."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn lé mi padà sílé. Kò lé mi. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé èmi náà ni mo kọ́kọ́ dé ilé Dókítà. Mo wo ẹja yẹn, mo ní, ó dáa, ìwọ mọ ẹ̀tọ́ ẹ.

Èrò mi kò jìnnà. Bí Dókítà bá fojú rí ẹja alààyè nínú omi tí wọ́n ní kò tíì gbó, wọ́n á mọ̀ pé òfo ni gbogbo àkọ́sórí ọmọ yẹn, pé ó kàn ń fi wá ṣẹ̀sín ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo dé iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ọ̀rá tí Apárí ti fẹ́ atẹ́gùn kún fún ẹja náà láti Sátidé léfòó lórí omi bí Apárí ṣe kọ́ mi, mo ń bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀, kí n tó tú ẹja náà sílẹ̀. Mo sì gbàdúrà. Ẹ gbọ́ o! Mo gbàdúrà sórí ìwà ìkà. Mo ní, "Olúwa, jẹ́ kó yè."

Ó yè.

Dókítà ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fò sókè bí ọmọdé. "Akọ̀wé! O ṣe é! O ò tiẹ̀ sọ fún mi!"

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí kí wọ́n bá a wí. Ìyìn ni wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí.

"Dókítà, èmi kọ́," ni Akọ̀wé wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹnì kan ló da ẹja yìí síbẹ̀. Irú ẹ̀ kọ́ la máa ń kọ́kọ́ fi sí i. Kò sì yẹ kó tíì sí ẹja kankan níbẹ̀."

"Má jẹ́ kójú tì ẹ́ jàre. Ó mà lẹ́wà o."

Akọ̀wé fi àwọ̀n kékeré lé ẹja náà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹja ti wọnú òkúta, kò jáde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ife.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń ṣílẹ̀kùn."

"Mo ń ṣí i. Ṣé wọ́n ní kí n má ṣí i mọ́ ni?"

"Ta ló wọlé?"

"Ẹ̀mí ni," mo ní. "Lọ wo bébà ara ògiri, bóyá ó wà níbẹ̀."

Ó wò mí títí. Ó padà sídìí káàdì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́ àfi níwájú Dókítà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn inú ìgò fi hàn pé omi ti dára. Akọ̀wé bẹ Dókítà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa mú ẹja aláró náà kúrò. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó o kórìíra ẹja tó o fọwọ́ ara ẹ rà?" Wọ́n ra méjì tó pupa bí ọsàn, tí ìlà funfun wà lára wọn, wọ́n sì kó wọn sí i níwájú àwọn ọmọdé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a bá ọ̀kan lórí omi. Lẹbẹ rẹ̀ ti ya bí àkísà. Aláró lé èkejì láti igun dé igun, ó ń gé e jẹ, títí ó fi ṣubú sáàárín òkúta lójú àwọn ọmọ. Ẹkún sọ. Ìyá kan kó ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní irú ibi wo nìyí.

Dókítà ti ilẹ̀kùn. "Akọ̀wé, o mọ̀ pé ìkà ni ẹja yẹn, o rà á, o wá ń sẹ́."

"Dókítà, mi ò rà á!"

"Ṣé ó rìn wá ni? Màmá, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀nà ti pín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Dókítà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n má sún mọ́ àpótí yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Èmi mà nìyí, ẹni tí kò mọ̀ ju ìgbálẹ̀ lọ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ tún sọ ọ́, Màmá. Ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ."

Mi ò wò ó. Dókítà ní kó kó ẹrù rẹ̀, àwọn ò lè fi òpùrọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí èmi bá wọn jókòó síbẹ̀ ná.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ṣé ohun tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn? Ìwé tí mo kọ sórí káàdì rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ. Aláró nìkan ló kù nínú omi, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ṣọ́ òkúta tí ẹnikẹ́ni ò bá a dù.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti ìyá Akọ̀wé ń lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Arábìnrin, ọmọ mi ti dé ilé. Ó ń búra pé òun kọ́. Mi ò mọ ẹni tí n ó bi ju ìwọ lọ. Ìwọ ò ní purọ́ fún mi."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo di ọwọ́ ìyá yẹn mú! Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa bá mi fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rí."

Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. "Ó tó. Mo ti gbọ́."

Mo ń sọ fún ara mi títí mo fi délé pé mi ò pe ọmọ yẹn ní òpùrọ́. Àdúrà ni mo ní kí wọ́n gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: ọ̀bẹ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, ọ̀bẹ ni.

Ní ọjọ́ kọkànlá tí Akọ̀wé ti lọ, Dókítà ní ojú ẹja yẹn ti sú àwọn, àwọn ti ránṣẹ́ pe ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ páńpẹ́ fún un. Mi ò tilẹ̀ bi wọ́n pé ta ni. Mo ń kọ káàdì lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí mo gbọ́ ohùn kan tó dún bí agogo.

"Ẹ kúuṣẹ́ o! Níbo ni jàgùdà náà wà?"

Apárí ni. Ó gbé ìgò oníke tó ti gé lórí dání. Mo tẹ orí mi mọ́ káàdì bí ẹni tó fẹ́ wọnú rẹ̀ lọ. Ó kọjá mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ló bá yí padà.

"Háà! Màmá! Ṣé ẹ̀yin nìyí? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé sùúrù wọn ti tán?"

Iyàrá náà kún. Dókítà gbójú sókè. "Ọkọ ta ni?" Wọ́n wà níbi ìsìnkú ọkọ mi. Àwọn ló sanwó àga tí àwọn àlejò jókòó lé.

"Ti Màmá yìí ni. Oníbàárà mi ni wọ́n. Wọ́n ra aláró kan lọ́wọ́ mi tó jọ..." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú mọ́ gíláàsì. Ẹja náà sá jáde wá kò ó lójú. "Kò jọ ọ́. Òun gan-an ni! Ẹ wo ìrù ẹ̀ tó ya. Mo ní kí n bá wọn pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n ní èyí náà ló wù wọ́n. Màmá, ṣebí mo sọ fún yín pé ìkẹyìn là ń fi í sí?"

Obìnrin kan tí wọ́n ti fi òwú dí lẹ́nu ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, imú ló gbà jáde. Ẹlòmíràn ní, "Màmá Àdúrà!" Kò pariwo. Ó kàn pè é bí ẹni tó ń pe orúkọ òkú.

"Màmá," ni Dókítà wí. "Ẹ̀yin ni?"

Mo gbé bírò kalẹ̀.

"Mo lé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jókòó sórí àga ẹ̀, ẹ ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Màmá, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, Dókítà."

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ mi kalẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ gbé e kalẹ̀."

Ọdún méjìlá parí láàárín tábìlì àti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dágbére fún mi. Apárí nìkan ló ń sọ pé òun ò mọ̀, òun ò mọ̀, kí wọ́n má bínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ sílé Akọ̀wé. Òun ló ṣílẹ̀kùn. Mo ti ń sunkún kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, mo wá bẹ̀ ẹ́."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ gbé ẹkún yẹn sílẹ̀, Màmá, kò wú mi lórí. Dókítà ti pè mí, mò ń padà síṣẹ́ lọ́la. Iṣẹ́ kọ́ lẹ jí. Láti Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ìyá mi ò bá mi jẹun. Bí mo bá wọlé, wọ́n á gbé pọ́ọ̀sì wọn mọ́ra bíi pé olè dé. Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún ẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sínú ilé. "Màmá mi! Ẹ wá o. Àlejò yín ti dé."

Wọ́n jáde. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ti ọmọ wọn.

"Ẹ sọ ọ́," ni Akọ̀wé wí fún mi. "Bẹ́ ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́."

Mo sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá, kọ́kọ́rọ́, gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ yín ò purọ́ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni." Ìyá náà kọjú sí Akọ̀wé. Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ wọn.

Akọ̀wé bọ́ sẹ́yìn.

"Àjèjì ló purọ́ mọ́ mi," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ sì gbà á gbọ́." Ó wọlé. A gbọ́ tó fi kọ́kọ́rọ́ ti iyàrá rẹ̀.

Ó wá ku àwa ìyá méjì lórí pèpéle. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn bí wọ́n bá bú mi. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Kí ẹnikẹ́ni má bá ọ gbàdúrà lórí wọn bí o ṣe bá mi gbà á."

Mo ní "Àmín," torí pé òun nìkan ló wà lẹ́nu mi. Wọ́n dúró títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n sì mú ìgbálẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbá ẹnu ọ̀nà níbi tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ̀.